Ọ̀gá Tó Lè Sọ Pé: «Èmi Ni Mo Ṣì Í»

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ilé ìránṣọ kan ní Àjàṣẹ́. Ọ̀la ni ìgbéyàwó oníbàárà. Ọmọṣẹ́ ti gé aṣọ rẹ̀ kúrú. Ó ká a, ó fi í pamọ́ sábẹ́ àwọn aṣọ yòókù, kò sì wí nǹkan kan. Kì í ṣe olè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹni tó jẹ́wọ́ àṣìṣe níbẹ̀ kẹ́yìn, èébú ni wọ́n fi lé e sílé. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, oníbàárà yóò dé, aṣọ kò ní bá a mu, àkókò àtúnṣe yóò sì ti kọjá. Àlùmọ́gàjí ló gé aṣọ náà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a tọ́ dàgbà pé ọ̀gá kì í ṣì í. Bí ó bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọṣẹ́, wọ́n á ní ó ti tẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí kò sọ pé àgbà kì í ṣubú. Ohun tó fi í hàn ní àgbà ni pé ó máa ń bojú wẹ̀yìn wo ohun tó gbé e ṣubú.

Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pàápàá ti rí irú rẹ̀. Ní ọdún 1989, oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba kò rí owó oṣù gbà. Àwọn báńkì ti dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ sì dúró. Mathieu Kérékou, tó ti gba ìjọba láti ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, gbà pé kí àwọn aráàlú péjọ, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, nǹkan bí 500 aṣojú jókòó ní Kútọ̀nù fún Àpérò Orílẹ̀-èdè, Monseigneur Isidore de Souza sì ni alága wọn. Ní ọjọ́ 25, wọ́n kéde pé ìpinnu àwọn ni yóò múlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè yí i padà. Ní ọjọ́ 28, Kérékou gbà á níwájú gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpinnu náà gba ọ̀pọ̀ agbára kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìnira ló sún un débẹ̀, a kò ní purọ́. Síbẹ̀, ológun ni, ó sì lè kọ̀. Ó pàdánù ìbò ní ọdún 1991, ó sì gbé ipò sílẹ̀. Ní ọdún 1996, àwọn aráàlú kan náà fi ìbò dá a padà. Gbígbọ́ ọ̀rọ̀ kíkan kò sọ ọ́ di ẹni ẹ̀tẹ́.

Ṣùgbọ́n bí etí ṣe ní iṣẹ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ní. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a mọ̀ mọ́ Kétu, akọrin a bọ́ sójú agbo, a sì kọ́kọ́ júbà: ó júbà òrìṣà, ó júbà àwọn baba ńlá, ó júbà àwọn ìyá wa. Lẹ́yìn ìjúbà ni yóò tó fi orin bá oníwà ìbàjẹ́ wí, kì í sì í yọ olówó tàbí olóyè sílẹ̀. Ìjúbà yẹn kì í fi àkókò ṣòfò. Ó ń sọ fún olùgbọ́ pé: n kò wá láti dójú tì ọ́, ire ìlú ni mo ń wá.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí níbi iṣẹ́. Kí ọ̀gá pe ọmọṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe níwájú oníbàárà. Kí ó kọ́kọ́ sọ ìpín tirẹ̀: «Ìwọ̀n tí mo kọ fún ọ kò hàn dáadáa; èmi ni mo ṣì í níbẹ̀.» Kí ó sọ̀rọ̀ nípa aṣọ, kí ó má ṣe kan ilé bàbá ọmọ. Kí ó béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, kí ó sì dákẹ́ títí ọmọ yóò fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, kí àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí àtúnṣe, nítorí ìjẹ́wọ́ tí àtúnṣe kò bá tẹ̀ lé, ariwo lásán ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀wọ̀ kò ní kí ẹ fi òótọ́ pamọ́. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì wí pé: «Ọ̀gá, ẹ má bínú, aṣọ yìí ti kúrú.» Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Bí ọmọṣẹ́ Àjàṣẹ́ yẹn bá lè sọ ọ́ ní alẹ́, wọn á tan fìtílà, wọn á wá aṣọ tó bá a mu, wọn á fi kún ìṣẹ́tí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ìyàwó á wọ aṣọ rẹ̀ jáde.