Pool: Ọwọ́ Ẹ̀yìn Ni Kẹ́ Ẹ Wò

Kì í ṣe púùlù tí àwọn bàbá wa fi ń ta owó nù nílé ni mo fẹ́ sọ lónìí. Pool orí tábìlì ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ará ilé ń pè ní snooker.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, kì í fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá béèrè ilé ìwé, "fine" ni. Bí mo bá béèrè oúnjẹ, "fine" náà ni. Àfìgbà tí mo mú un lọ gbá pool ní ọjọ́ Sátidé kan ni ẹnu rẹ̀ tó là. Àmọ́ ó nà mí, ó nà mí débi pé bàbá Ìjẹ̀bú kan tó ń wò wá kò lè mú un mọ́ra: "Àbúrò, ọ̀pá lo dì mú yẹn o, kì í ṣe àdá."

Òótọ́ ló sọ. Bí a bá fún ọ̀pá mọ́wọ́ pinpin, ọrùn ọwọ́ á yí, orí ọ̀pá á sì yà. Ẹ dì í mú jẹ́jẹ́ bí ẹni mú ẹyin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀pá. Láti ìgúnpá wá sísàlẹ̀ nìkan ni kó máa fì, bí ohun tó ń fì nínú aago ńlá ara ògiri. Èjìká kò gbọdọ̀ mì. Tẹ́ ẹ bá fà á sẹ́yìn, ẹ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ wá tì í la ibi tí bọ́ọ̀lù funfun wà kọjá. Ẹ má gbé orí o! Èyí ló le jù fún mi, torí ojú máa ń kán mi láti mọ̀ bóyá ó wọlé.

Nílé, ẹ fi ìgò òfìfo lélẹ̀ lórí tábìlì, kẹ́ ẹ máa ti ọ̀pá wọ ẹnu rẹ̀ láì kàn án. Níbi eré, ẹ gbá bọ́ọ̀lù funfun tààrà lọ sí òdìkejì tábìlì. Bó bá padà wá kan orí ọ̀pá, ọwọ́ yín gún. Bó bá yà, ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ gbá láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló lè rí ìgúnpá ara rẹ̀? Plumstead, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí lónìí, ni Steve Davis ti dàgbà. Bill bàbá rẹ̀ ló mú un lọ sí kílọ́ọ̀bù àwọn òṣìṣẹ́, tó fi ìwé Joe Davis kọ́ ọ. Láàárín 1981 sí 1989, ẹ̀ẹ̀mẹfà lọmọ náà gba ife àgbáyé snooker, ó sì tún gbá pool fún Yúróòpù nínú Mosconi Cup.

Èmi náà wá ń dúró lẹ́yìn ọmọ mi, òun náà ń dúró lẹ́yìn mi. Sátidé tó kọjá, bọ́ọ̀lù dúdú nìkan ló kù fún mi, ó sì súnmọ́ ihò. Mo gbá a, ó kọ̀.

"Daddy, ẹ tún gbé orí."