Nígbà Tí Ìrònú Kò Jẹ́ Kí Ọkàn Sinmi

Ní ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiwa, ìrònú ni a fi ń yin ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ro nǹkan jinlẹ̀ ni olùkọ́ ń pè ní ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìrònú mìíràn wà tí kò yẹ ní yíyìn: èyí tí ń yí po lórí ohun kan ṣoṣo tọ̀sán-tòru, tí kì í bí ìpinnu, tí kì í sì jẹ́ kí oorun wọ ojú. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ náà. Wọ́n ya àròjinlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àròkàn, wọ́n sì ní àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ìyá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Agogo mẹ́fà lù, ìyá ń pè é, fóònù kò lọ. Ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 50 péré, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí ojú èrò ti rí níbẹ̀? Bí ìyá yìí bá pe ẹni tó sin ọmọ náà dé gáréèjì, tó béèrè irú ọkọ̀ tó wọ̀, ìrònú ló ṣe. Bí ó bá jókòó, tó fọwọ́ lẹ́rán, tó ń wo jàǹbá ọkọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ọmọ tó kan ilẹ̀kùn, àròkàn ni. Ọkàn rẹ̀ ń jẹ àpọ̀jẹ bíi ti màlúù, àmọ́ màlúù a máa rí oúnjẹ nínú àpọ̀jẹ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé-ìwé ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Kánádà, ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ti jẹ́ olórí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá pẹ̀lú ẹ̀dùn kan náà: orí ń gbóná, ó sì dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú ń ṣú bí wọ́n bá ṣí ìwé, ohun tí wọ́n kà kò dúró. Àwọn fúnra wọn ní ìwé àkàjù ló fà á. Ní 1960 ni Prince kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì pe àìsàn náà ní brain fag, èyí tí a lè pè ní àárẹ̀ ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ kà á sí àìsàn aláwọ̀ dúdú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ará Ìlú Ọba ti ń lo orúkọ kan náà fún àárẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tiwọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Prince ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni ìwé kíkà nílẹ̀ wa: mọ̀lẹ́bí á dáwó rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní ilé-ìwé, wọ́n á sì retí pé òun ni yóò gbé àwọn yòókù dìde. Ẹ̀yin òbí, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ tó ṣí ìwé ìṣirò, tó jẹ́ pé ojú àbúrò bàbá rẹ̀ tó ta ilẹ̀ ló ń rí níbẹ̀, báwo ni ìṣirò náà yóò ṣe wọlé? Lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mórákínyọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tọ́ka sí àìsùn àti lílo ohun tí ń lé oorun lọ láàárín àwọn tó ní àìsàn yìí. Ọmọ tí ẹ̀rù ìdánwò ń bà yóò dín oorun kù kí ó lè ka ìwé sí i. Oorun tó dín kù yóò mú kí ó gbàgbé èyí tó kà. Ìgbàgbé yóò sọ ẹ̀rù di ìlọ́po méjì.

Ìmọ̀ràn tí a máa ń tètè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó gbé e kúrò lọ́kàn. Ó rọrùn fún ẹnu. Ní 1987, Daniel Wegner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan má ṣe ronú kan béárì funfun, kí wọ́n lu agogo nígbàkúùgbà tó bá wá sí wọn lọ́kàn. Léraléra ni agogo ń dún. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí àlejò má wọlé kò lè gbàgbé àlejò náà.

Ó sàn kí a yan àkókò fún un. Ní 1983, Thomas Borkovec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn tí àníyàn ń dà láàmú ya ìṣẹ́jú 30 sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, ní wákàtí kan náà àti ibì kan náà, kí wọ́n sì sún àníyàn yòówù tó bá dé ṣáájú sí àkókò náà. Àníyàn wọn dín kù. Kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò má fi í sí ìtòsí àkókò oorun, ìrọ̀lẹ́ dára. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán, bébà àti bírò tó. Ní 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Baylor ní Texas (ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ni, inú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ yóò dùn láti gbọ́) ṣe àyẹ̀wò ọ̀dọ́ 57. Àwọn tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ ohun tó kù láti ṣe sílẹ̀ tètè sùn ju àwọn tó kọ ohun tí wọ́n ti ṣe tán lọ.

Àwọn kan yóò béèrè pé àdúrà ńkọ́. A kò fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà ka ìtàn Èlíjà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Ọkùnrin náà ti gbàdúrà kí òun kú. Áńgẹ́lì tó wá kò bá a wí. Àkàrà àti omi ló bá a wá, ó jẹ́ kí ó tún sùn, ó sì tún bọ́ ọ, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀ ní Hórébù. Nítorí náà, a kò fara mọ́ àṣà kí a máa gbé ọmọ tí orí rẹ̀ ń gbóná láti ìsọ́-òru kan dé òmíràn, bí ẹni pé ayé ló ń bá a jà, nígbà tó jẹ́ pé oorun gan-an ló ṣaláìní.

Àwọn ará Ṣónà ní Simbábúwè ní orúkọ fún ìrònú àrojù: kufungisisa. Ní 2006, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Hárárè, tí àwọn ìyá àgbà fi ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì nítòsí ilé ìtọ́jú, tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú. Wọn a ní kí ó ka ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, kí ó mú ẹyọ kan, kí ó sì sọ ìgbésẹ̀ kan tí yóò gbé lórí rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 573, tó jáde ní 2016, fi hàn pé ara tu àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí gidigidi ju àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún àjọ̀dún yìí, igi pọ̀ nínú ọgbà wa, bẹ́ǹṣì kò sì wọ́n.

Bí àìsùn bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò wọlé mọ́, tàbí tí ẹnikẹ́ni, ọmọdé tàbí àgbà, bá ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Oníṣègùn ọpọlọ wà ní UCH ní Ìbàdàn, ó wà ní ilé-ìwòsàn LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, Arò sì wà síbẹ̀. Kí òbí bá ọmọ lọ, kí ó má rán an lọ ní òun nìkan. Nígbà tí Lámbò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní àwọn abúlé tó yí Arò ká ní 1954, ẹbí aláìsàn ní láti wá bá a gbé níbẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá.