Sítáǹpù Méjìlá, Ṣílè Kan: Bí Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Ṣe Di Kólò Mẹ̀kúnnù Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1861 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ 301 bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ìfowópamọ́ lọ́wọ́ ará ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Charles William Sikes, òṣìṣẹ́ báńkì kan ní Huddersfield, ló mú àbá náà wá ní 1859. William Gladstone, mínísítà ètò ìnáwó, ló sọ ọ́ dòfin. Àwọn ọlọ́rọ̀ ìgbà náà a máa wàásù pé àpà ni tálákà, pé ilé ọtí ló ń kówó ọ̀yà rẹ̀ lọ. Ìtàn báńkì yìí já wọn nírọ́: ohun tí mẹ̀kúnnù ń wá ni ibi tó súnmọ́ ilé, tó ṣe é fọkàn tán, tí kò sì kẹ́gàn owó kékeré.

Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti 1810 tí àlùfáà Henry Duncan ti dá báńkì ìfowópamọ́ sílẹ̀ ní Ruthwell, ní Scotland, irú rẹ̀ ti pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí ju wákàtí díẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Nígbà tí George Haworth tó ń tọ́jú owó báńkì Rochdale kú ní 1849, àṣírí tú pé owó tó lé ní 70,000 pọ́n-ùn ti wọmi. Ta ni yóò wá dá ẹni tó kó tirẹ̀ sábẹ́ ẹní lẹ́bi? Ilé ìfìwéránṣẹ́ wà ládùúgbò, ó sì ń ṣí ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tó fowó pamọ́ ní ìlú kan lè gbà á ní òmíràn, ìjọba ló sì ṣe onídùúró. Ṣílè kan ni ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún méje lè ní ìwé báńkì lórúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ṣílè náà ṣì ga ju ọwọ́ àwọn kan lọ, Henry Fawcett, ọ̀gá àgbà ilé ìfìwéránṣẹ́, gbé fọ́ọ̀mù kan jáde ní 1880: kí ènìyàn máa ra sítáǹpù pẹ́nì kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ọn; bó bá pé méjìlá, ó di ṣílè nínú ìwé. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn kan á ní èlé rẹ̀ kéré. Òótọ́ ni: 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ìyẹn ààbọ̀ pẹ́nì lóṣù lórí pọ́n-ùn kan, ó sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn báńkì àtijọ́. Síbẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn báńkì náà ló padà kógbá sílé, tí oníbàárà wọn bọ́ sọ́dọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ a máa ro ti ojú owó kó tó ro ti èlé. Àwọn mìíràn á ní ìjọba ló ń fi owó ọ̀hún gbọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Gladstone rí àǹfààní yẹn dáadáa; ṣùgbọ́n gbèsè tí ìjọba tipa bẹ́ẹ̀ jẹ àwọn tó fowó pamọ́ lábẹ́ òfin gan-an ni ààbò tí wọn kò rí ní Rochdale. Èyí tó wúwo jù ni ti owó gbígbà: fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé London kí àṣẹ tó padà wá, àìsàn kì í sì í dúró de lẹ́tà. Àlébù gidi nìyẹn. Ọdún 1893 ni wọ́n tó gbà kí ènìyàn fi wáyà bèèrè owó rẹ̀.

Pé ibi tó súnmọ́ ilé ni mẹ̀kúnnù ń wá kò lè ya àwa tí a mọ alájọ lẹ́nu, ẹni tó ń tọ ìyá ọlọ́jà lọ sídìí igbá rẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ kí mẹ̀kúnnù fowó pamọ́ dẹ́kun ìbáwí. Kó gbé kólò súnmọ́ ọn, kó sì dúró fún owó rẹ̀.