Oúnjẹ Ìyá Oyin: Orísun Rẹ̀, Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Bí Olùsìn Oyin Ṣe Ń Kó O

1.0 Ìfáàrà
Oyin lílá àti ìda ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ kòkòrò oyin. Ohun kẹta kan wà nínú afárá tí ó ṣọ̀wọ́n ju méjèèjì lọ. Èyí ni oúnjẹ funfun kíki, tí ó kan díẹ̀ lẹ́nu, tí agbo oyin fi ń tọ́ ìdin tí yóò di ìyá wọn. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ibi tí oúnjẹ náà ti ń wá, ohun tí ó ń ṣe, bí olùsìn ṣe ń kó o, àti ohun tí ó yẹ kí olùrà mọ̀.

2.0 Orísun Rẹ̀
Oúnjẹ yìí kì í ti ara òdòdó wá tààrà. Ara àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń tọ́ ìdin ni ó ti ń sun. Àwọn alágbàtọ́ wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 15. Wọn a jẹ lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti oyin. Ẹ̀yà ara kéékèèké tí ó wà ní orí wọn a sì fi èròjà inú rẹ̀ ṣe omi kíki náà, gẹ́gẹ́ bí abiyamọ ti ń fi oúnjẹ ṣe omi ọmú. Níbi tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó bá ti wọ́n, oúnjẹ yìí kò lè pọ̀.

3.0 Iṣẹ́ Rẹ̀ Nínú Agbo
Irú ẹyin kan náà ni ìyá oyin àti òṣìṣẹ́ ti ń wá. Ní nǹkan bí ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, gbogbo ìdin ni ó ń jẹ irú omi yìí. Lẹ́yìn náà, a óò máa fi oyin àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó lú ti ìdin òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí yóò di ìyá kò ní jẹ ohun mìíràn. Ìyàtọ̀ tí èyí ń mú wá kò kéré. Láti ẹyin, ọjọ́ 16 ni ìyá fi ń dàgbà, òṣìṣẹ́ ń lo 21. Òṣìṣẹ́ lè má lò ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ láyé nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ìyá lè lo ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì máa yé ẹyin tí ó lé ní 1,000 lójúmọ́.

4.0 Kíkó Rẹ̀
Agbo tí ìyá rẹ̀ kú, tí ó ń darúgbó, tàbí tí ó fẹ́ pín ni ó ń mọ ihò ìyá. Ọgbọ́n tí olùsìn ń dá wà nínú ìwé tí Gilbert Doolittle, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1889. Olùsìn yóò fi ìda mọ ife kéékèèké, yóò ṣí ìdin tí kò tíì pé ọjọ́ kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbé wọn sínú agbo tí kò ní ìyá. Nígbà tí àwọn alágbàtọ́ kò bá gbóòórùn ìyá mọ́, wọn yóò bu oúnjẹ sínú ife náà. Ní ọjọ́ kẹta, olùsìn yóò yọ ìdin kúrò, yóò bu oúnjẹ náà, yóò sì tọ́jú rẹ̀ sínú fìríìjì. Bí ife kan bá mú gíráàmù 0.25 wá, ife 4,000 ni yóò pé kílógíráàmù 1. Ìdí nìyẹn tí ó fi wọ́n.

5.0 Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùrà Mọ̀
Àwọn kan ń polówó rẹ̀ bí ẹni pé ohun tí ó sọ ìdin di ìyá yóò sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Ènìyàn kì í ṣe ìdin oyin. Ní 2011, àjọ tí ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù yẹ irú ìlérí bẹ́ẹ̀ wò, kò sì rí ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó tún lè fa ìṣòro èémí líle fún ẹni tí ó ní ikọ́ fée.

6.0 Àgbálọgbábọ̀
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí kò bá oúnjẹ ìyá oyin mu. Alágbàtọ́ ni orísun rẹ̀, alágbàtọ́ sì ni iná àti àáké ń pa. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i kó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá agbo sí, kí ó sì dá igbó tí wọ́n ti ń rí òdòdó sí pẹ̀lú.