Díẹ̀díẹ̀ Là Ń Fi Prednisolone Sílẹ̀
Ẹni tó ti ń lo oògùn prednisolone fún oṣù mélòó kan nítorí oríkèé ríro kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Ẹ̀yà ara kékeré tó wà lórí kíndìnrín ló ń pèsè èròjà ara tó ń jẹ́ cortisol. Bí oògùn náà bá gba iṣẹ́ ẹ̀yà ara yìí ṣe ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ẹ̀yà ara náà lè dẹwọ́ fún oṣù púpọ̀. Ìyẹn ló sábà ń fa àárẹ̀ àti òòyì bí a ti ń dín oògùn kù. Àwọn kan á ní oògùn tó ń ba eegun jẹ́ ni, kí a dà á nù lónìí. Òótọ́ ni pé ó ń ba eegun jẹ́, àmọ́ bí a bá dá a dúró lójijì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, ìyẹn sì lè pààyàn. Bí ibà bá dé, ó lè gba pé kí oògùn lé sí i. Dókítà ni kẹ́ ẹ bi.