Dróònù Lóko Ìkálẹ̀: Òfin Òfuurufú àti Òfin Oògùn

Àgbẹ̀ Igbódìgò, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tó bá fẹ́ fi dróònù fín oògùn sóko, òfin méjì ló gbọ́dọ̀ pa mọ́. Èkíní jẹ́ ti òfuurufú. Láti ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà bàálù ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé dróònù sókè láìgbàṣẹ lọ́wọ́ òun àti lọ́dọ̀ Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ààbò fi wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó lè gbé oògùn lè gbé bọ́ǹbù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ológun fòfin de dróònù tí kò ní àṣẹ ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Nàìjíríà. 

Òfin kejì jẹ́ ti ohun tó wà nínú táǹkì, òun ló sì ká mi lára jù. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de oògùn koríko tó ń jẹ́ paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024, ó de atrazine ní ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fi dróònù fín wọn, ó ṣì lòdì sófin.

Oko Ìkálẹ̀ kì í dá wà. Ẹ̀gẹ́ Lágbájá pààlà pẹ̀lú ọ̀pẹ Tàmẹ̀dò, oògùn tó ti òkè wá sì lè bá atẹ́gùn lọ sóko ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́. Nítorí irú èyí ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi jẹ́ kí a fín oògùn láti òkè láìsí àṣẹ ọ̀tọ̀. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ìwé awakọ̀ dróònù nìkan kò tó láti fi fín oògùn.

Pẹ̀lú gbogbo òfin yìí, mi ò rí ìdí tí àgbẹ̀ kan fi máa dá ra ẹ̀rọ yìí. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù háyà ilé-iṣẹ́ tó níwèé àṣẹ, kí wọ́n fojú ara wọn rí ìwé náà àti nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára oògùn kí dróònù tó gbéra. Òwúrọ̀ tí atẹ́gùn kò fẹ́ púpọ̀ ló dára. Oṣù kẹfà sí ìkeje, tí òjò ń rọ̀ gan-an, kò dára, torí odò ni òjò máa ń wọ́ oògùn lọ. Kí wọ́n sì ti sọ fún àwọn tí wọ́n jọ pààlà, pàápàá àwọn ìyá tó rẹ ẹ̀gẹ́ pupuru sódò, kí wọ́n lè kó o kúrò ṣáájú ọjọ́ náà.