Gígun Kẹ̀kẹ́ ní Ọ̀nà Igbó àti Adágún: Ìwé Ìlàlóye fún Ẹ̀yin Tó ń Gbé ní Port Harcourt

Ta ni a kọ ìwé yìí fún?

A kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí fún ẹ̀yin tó ń gbé ní Port Harcourt àti agbègbè rẹ̀, tí ẹ fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ ológeere kí ara lè le, tàbí tí ẹ fẹ́ fojú ara yín rí igbó àti omi tó yí ìlú yìí ká. Ohun kan ni gbogbo ìmọ̀ràn inú rẹ̀ rọ̀ mọ́: omi ló ni ilẹ̀ yìí. Kí ẹ tó béèrè bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ẹ kọ́kọ́ béèrè oṣù tí a wà àti aago tí ẹ máa jáde.

Àǹfààní rẹ̀ fún ara

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gba àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kó máa ṣe eré ìdárayá níwọ̀nba fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ ti kó 150 jọ. Ó dára fún ọkàn, ó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà jà, kì í sì í ni orúnkún lára tó eré sísá. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, ìwọ̀n tó tọ́ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bí:
- àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ agbára;
- ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn kò tíì ká;
- ẹ bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, nítorí ṣúgà ara lè já wálẹ̀ lójú ọ̀nà;
- ẹ bá ní ásímà;
- ẹ bá ní àrùn arọ́mọléegun (sickle cell). Àárẹ̀ àti òùngbẹ lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀nà kìíní: Rumuokoro sí Isiokpo

Ọ̀nà yìí ló yẹ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti Rumuokoro, ẹ doríkọ àríwá, ẹ gba Igwuruta àti Omagwa níbi tí pápákọ̀ òfúrufú wà, kí ẹ tó dé Isiokpo. Ẹni tó bá ti lágbára lè tẹ̀síwájú dé Elele. Bí ilé bá ti ń dínkù ni ewéko ń pọ̀ sí i; oko ọ̀pẹ ńláńlá wà ní agbègbè Ubima àti Elele. Ilẹ̀ apá ibí ga ju ti etí odò lọ, nítorí náà òun ló ṣeé gùn jù lákòókò òjò.

Ẹ̀yin tó bá dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ kíyè sí èyí: kò sí òkè níbí. Ilẹ̀ tó tẹ́jú máa ń tan ènìyàn lọ jìnnà, nígbà tó bá sì kù kó padà, oòrùn ti mú, ẹsẹ̀ sì ti wúwo. Kí ẹ yí padà nígbà tí agbára ṣì kù ju ìdajì lọ.

Ọ̀nà kejì: Choba sí Emohua

Láti ẹ̀gbẹ́ Yunifásítì Port Harcourt ní Choba, afárá gbé yín kọjá odò New Calabar bọ́ sí ilẹ̀ Emohua. Ọ̀nà kúkúrú ni, òun sì ni ọ̀nà tó yá jù láti fi rí omi àti igbó àbàtà láì rìn jìnnà sí ìlú. Àmọ́ ọ̀nà East-West náà ni, ọkọ̀ ńlá pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ajínigbé sì ti ṣọṣẹ́ rí níwájú, láàárín Emohua àti oríta Elele. Kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan lọ. Ẹ yí padà ní Emohua, kí ẹ sì ti kúrò lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ọ̀nà kẹta: Orashi àti adágún Oguta

Ọ̀nà àwọn tó ti mọ́ lára nìyí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni a sì fọwọ́ sí i. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ dé Ahoada, ẹ bi àwọn ọlọ́pàá àti ará ibẹ̀ bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó gùn ún lọ sí Omoku. Lẹ́yìn Omoku ni Obrikom, Ebocha àti Mgbede, lẹ́yìn náà ni ẹ máa wọ Ìpínlẹ̀ Imo lọ sí Oguta. Ẹ má ṣe dúró sinmi nítòsí ibi tí wọ́n ti ń sun gáàsì. Ooru àti èéfín ibẹ̀ kò bá èémí mu.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2008, igbó Upper Orashi àti adágún Oguta wọ inú àkọsílẹ̀ Ramsar, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní ọdún 1971 láti dáàbò bo ilẹ̀ olómi. Igbó náà tó hẹ́kítà 25,165, adágún náà sì jẹ́ 572. Odídẹrẹ́ wà nínú igbó yẹn, ọ̀bọ Sclater náà wà níbẹ̀, ẹ̀yà tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé àyàfi gúúsù Nàìjíríà. Ẹ dúró sí títì kí ẹ máa wò. Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó.

Ní Oguta, ẹ lọ sí ibi tí adágún ti pàdé odò Urashi, èyí tí a ń pè ní Orashi ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Omi adágún mọ́ gaara, ti odò pọ́n bí ẹrẹ̀, ẹ ó sì rí i tí méjèèjì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó dàpọ̀. Bí ọmọ Òṣogbo ṣe mọ̀ pé Ọ̀ṣun ló ni odò, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Oguta mọ̀ pé Ogbuide ló ni adágún. Flora Nwapa, tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1931, fi obìnrin inú omi yìí sínú ìwé *Efuru* tó jáde ní 1966. Nítorí náà, kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ tó pẹja, kí ẹ tó ya fọ́tò ojúbọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ibẹ̀, ẹ sì gba ohun tí wọ́n bá sọ.

Oṣù wo ló dára?

Òjò tó ń rọ̀ ní Port Harcourt lọ́dún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn.

- *Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì:* ọ̀nà gbogbo gbẹ. Ẹ ṣọ́ra fún ọyẹ́ àti èéfín.
- *Oṣù Kẹta sí oṣù Keje:* ọ̀nà kìíní àti èkejì nìkan, láàárín òjò kan sí èkejì. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ la omi kọjá. Kòtò àti gọ́tà wà nísàlẹ̀ tí ojú ò rí.
- *Oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá:* ẹ má lọ sí Orashi rárá. Omi odò Ọya ń wọ inú rẹ̀ nígbà náà. Ní 2012 àti ní oṣù Kẹwàá 2022, ó bo ìlú mọ́lẹ̀, ti 2022 sì gé ọ̀nà East-West ní agbègbè Ahoada.

Sọ́ọ̀tì

Láti ìparí 2016 ni èéfín dúdú tí a ń pè ní sọ́ọ̀tì ti ń bà lé ìlú yìí, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti ibi tí wọ́n ti ń dáná epo rọ̀bì láìgbàṣẹ. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń mí kíákíá, ó sì ń mí jinlẹ̀, torí náà ó ń fa púpọ̀ sí i sínú ẹ̀dọ̀fóró. Láàárọ̀, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun nu etí fèrèsé. Bó bá dúdú, tí ojú ọ̀run náà sì ṣókùnkùn, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn. Ìbòmú aláṣọ kò lè dá èéfín kéékèèké náà dúró.

Kí ẹ tó jáde

- Ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì, ẹ fún táyà lọ́wọ́, ẹ wo ṣéènì. Ẹ mú túùbù kan àti pọ́ọ̀ǹpù dání.
- Ẹ dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ aṣọ tó tàn. Láti 2009 tí ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò ní ìgboro, ojú awakọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wá ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́.
- Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ gbà, kí ẹ máa bá ọkọ̀ lọ, kí ẹ má kọjú sí wọn.
- Ẹ yẹra fún ọ̀nà Eleme sí Onne. Táńkà àti tírélà ló ni ibẹ̀.
- Ẹ jáde bí ilẹ̀ bá ṣe mọ́, kí ẹ padà kí oòrùn tó kàn yín lórí.
- Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀, ẹ má dúró de òùngbẹ. Bí ebi bá dé, bọ̀ọ̀lì àti ẹja sísun tí wọ́n da ata sí, tí ìlú yìí fi ń yangàn, á dá agbára padà. Ẹ sinmi díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
- Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti aago tí ẹ máa dé fún ẹnì kan nílé.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

- *Ara bó:* ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.
- *Orí gbá ilẹ̀:* bí ẹni náà bá ń bì, tó ń tòògbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.
- *Oòrùn pa ènìyàn:* ẹ gbé e sí abẹ́ ibòòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ dáadáa mọ́, ẹ má fún un ní ohunkóhun mu. Ilé ìwòsàn ló kàn.
- *Ejò bu ènìyàn jẹ:* ẹ má gbẹ́ ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má dì í pa. Kó má ṣe rìn. Ẹ fi ọkọ̀ gbé e lọ.

Ẹ pe 122 fún ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tàbí 112 fún pàjáwìrì yòówù. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì, pẹ̀lú ti ẹnì kan nílé, sórí bébà kí ẹ fi sápò: fóònù lè kú, ìwé kì í kú.